Ilé ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé: Bí ìpìlẹ̀ onípákó ṣe lè kojú ìjì, omi àti ikán láìná owó gọbọi

Ní òkè Plateau, ìjì ni ó sábà máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀. Láàrin oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ojú ọ̀run á ṣú, eruku á gbéra nílẹ̀, atẹ́gùn á sì kọlu òrùlé àti igi kí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ tó kán sílẹ̀. Fún ẹni tí ó fi ọ̀rá àti páìpù kọ́ ilé ọ̀gbìn kékeré sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìlú Jos, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni ìdánwò. Nígbà tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, ó lè bá ilé náà níbi tí ó kọ́ ọ sí. Ó sì lè bá a nínú ọgbà aládùúgbò, kí tòmátì tí ó ti ń so sì wà ní ìta gbangba.

Ohun tí ó máa ń fa ìyàtọ̀ yìí kì í sábà jẹ́ òrùlé. Ìpìlẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa náwó sórí ọ̀rá àti àwọ̀n, wọ́n a sì fi pákó èyíkéyìí tí ó bá ṣẹ́kù nílé ṣe ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ tó dára kò nílò owó gọbọi. Pákó mẹ́rin, búlọ́ọ̀kù mẹ́fà, irin gígùn kan àti àpò sìmẹ́ńtì kan tó fún ilé ọ̀gbìn tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Ohun tí ó ṣe kókó ni kí ẹni tí ó ń kọ́ ọ mọ àwọn ọ̀tá mẹ́ta tí ìpìlẹ̀ náà yóò bá jà: ìjì, omi àti ikán.

Kí ni ilé ọ̀gbìn wà fún ní ilẹ̀ olóoru?

Ilé ọ̀gbìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí greenhouse, gbilẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, níbi tí gíláàsì ti ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé, tí ó sì ń sé ooru mọ́ inú ilé. Ṣùgbọ́n gíláàsì wọ́n. Ní ọdún 1948, Emery Emmert, onímọ̀ nípa ọ̀gbìn ní Fásitì Kentucky ní Amẹ́ríkà, fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ilé ọ̀gbìn dípò gíláàsì kí owó rẹ̀ lè dínkù. Láti ìgbà náà ni ilé ọ̀gbìn ti kúrò ní ohun tí olówó nìkan lè ní.

Ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é, kì í ṣe ooru ni àgbẹ̀ ń wá. Ohun méjì ni ó fẹ́ dènà: òjò àti kòkòrò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bomi rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòmátì tí ó ń ti ìhà àríwá lọ sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Lórí òkè Plateau pàápàá, omi inú àwọn adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lò. Bí òjò bá dé, ewé tí kì í gbẹ a máa jẹrà, ìkórè á dínkù, owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì á sì gòkè.

Ti kòkòrò tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì nítorí àfòpiná kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta, èyí tí àwọn kan sọ ní Ebola tòmátì. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ó wọ orílẹ̀-èdè Spain ní ọdún 2006 kí ó tó tàn dé Áfíríkà. Abo kan lè yé ẹyin tó 260, ìdin rẹ̀ a sì máa gbẹ́ ihò sínú ewé àti èso. Ìdílé tí ó bá ní ilé ọ̀gbìn tí ó dí dáadáa lè máa ká tòmátì lẹ́yìn ilé ní oṣù tí ti ọjà bá wọ́n jù.

Jos ga ní nǹkan bí 1,200 mítà sí ojú òkun, nítorí náà afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ẹni tí ó bá wà ní Kano, Lokoja tàbí Cotonou kò gbọdọ̀ fi ọ̀rá bo gbogbo ilé náà, nítorí òdòdó tòmátì a máa rẹ̀ dànù nínú ooru tó pọ̀ jù. Òkè nìkan ni kí ó fi ọ̀rá bò, kí ó fi àwọ̀n yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Ìpìlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Kí ni iṣẹ́ ìpìlẹ̀ gan-an?

Ìpìlẹ̀ ilé gbígbé wà láti gbé ẹrù ilé kí ó má baà rì. Ti ilé ọ̀gbìn yàtọ̀. Ilé náà fúyẹ́ débi pé ènìyàn mẹ́rin lè gbé e lọ síbi tí ó wù wọ́n. Iṣẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni láti dì í mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn tí ó bá gba orí òrùlé tó tẹ̀ bí ọrun kọjá a máa fà á sókè, èyí tí ó bá sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé a máa tì í sókè láti inú. Ọ̀rá náà á wá dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń tì í á di ìlọ́po mẹ́rin. Atẹ́gùn tí ó ń sáré kìlómítà 72 ní wákàtí kan lè ti nǹkan bí kílò 24 lu mítà kan níbùú lóròó. Ẹ̀gbẹ́ ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, yóò gba nǹkan bí kílò 160. Ìyẹn ju ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Pákó tí wọ́n kàn tẹ́ sílẹ̀ lásán kò lè dá irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró.

Irú pákó wo ni ó yẹ?

Ikán kì í jẹ gbogbo igi bákan náà. Arère àti afàrà rọ ayùn lọ́rùn, owó wọn sì wọ́nlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan ilẹ̀, kì í pẹ́ kí ikán tó wọ̀ wọ́n. Ìrókò àti apá le, ikán kì í sì í tètè rí wọn gbéṣe. Owó wọn ni kò kéré. Apá tilẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n débi pé, ní ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fi í sára àwọn igi tí a kò lè tà sí ilẹ̀ òkèèrè láìsí ìwé àṣẹ.

Ìhà àríwá ní igi méjì tí ó yẹ kí á rántí. Àkọ́kọ́ ni dóńgóyárò, tí ó wà káàkiri, tí ikán kì í sì í fẹ́ràn. Èkejì ni ọ̀pẹ tí àwọn Hausa ń pè ní giginya. Ìtì tí wọ́n là lára rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ azara, ni àwọn mọlémọlé fi ń gbé àjà àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ dúró ní Kano àti Zaria, nítorí pé ikán kì í lè jẹ ẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rí azara tí wọ́n yọ lára ilé tí ó wó ti rí ìpìlẹ̀ tó dára.

Àwọn mìíràn a máa lo igi pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àtẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù wá láti òkèèrè. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wá àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú igi náà: wọ́n mú un gbóná títí àárín rẹ̀ fi dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. MB túmọ̀ sí pé gáàsì olóró ni wọ́n lò. Èyí tí ó bá ní àmì MB, tàbí tí kò ní àmì rárá, kò yẹ ní ibi tí oúnjẹ yóò ti hù. Bí ó ti wù kí ó rí, ooru tí wọ́n fi pa kòkòrò kò ní kí ikán má jẹ igi náà lọ́la.

Ohun tí kò yẹ kí á fi kun igi

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe tí ojú kì í tètè rí. Ó ti di àṣà kí á fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kun igi nítorí ikán. Ó wọ́nlẹ̀, kódà mẹkáníìkì lè fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà ti kó ìdọ̀tí irin inú ẹ́ńjìnnì mọ́ra, ó sì ní àwọn èròjà tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Òjò àti omi tí wọ́n ń bu rin ọ̀gbìn yóò fọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀ kan náà tí ìdílé ń retí oúnjẹ láti inú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó iná àtijọ́. Oògùn tí wọ́n fi sí irú igi bẹ́ẹ̀ kí ó má baà jẹrà lè ní májèlé arsenic nínú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń ṣe pákó olóògùn arsenic fún ilé gbígbé fòpin sí i ní ìparí ọdún 2003. Kò sídìí tí ó fi yẹ kí irú igi bẹ́ẹ̀ yí tòmátì ká.

Ọ̀nà tí ó dára jù láti bá ikán jà kò ní májèlé nínú. Kí igi má kan ilẹ̀, kí ó má máa wà nínú omi, kí ojú ènìyàn sì lè tó gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀dà lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ara ògiri níta, tó láti lé omi òjò sẹ́yìn. Orí pákó níbi tí ayùn ti gé e ni kí wọ́n kùn nípọn jù, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń fa omi mu.

Ohun èlò

Pákó mẹ́rin tí ó nípọn ní íǹṣì 2, tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 6, tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ni iṣẹ́ yìí nílò. Méjì yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn. Ẹ̀kẹta ni wọn yóò gé sí méjì fún orí àti ìdí ilé náà, kò sì ní sí àjẹkù. Wọn yóò fi ìdajì ẹ̀kẹrin ṣe àgbékọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn yóò sì la ìdajì tó kù fún òpó ẹnu ọ̀nà.

Irin rọ́ọ̀dù oní-mílímítà 12 kan, tí gígùn rẹ̀ pé mítà 12, yóò fúnni ní gígé 13 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Mẹ́wàá ni páìpù márùn-ún tí yóò tẹ̀ bí ọrun nílò. Kí ẹni tí ó ń rà á wọ̀n ọ́n kí ó tó sanwó, nítorí irin tí kò pé a máa wà lọ́jà. Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà, àpò sìmẹ́ńtì kan, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, ìṣó, àti wáyà tí kì í dípẹtà ni ó kù. Ní Jos, níbi tí òkúta ti pọ̀, òkúta pẹlẹbẹ lè rọ́pò búlọ́ọ̀kù.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Àkọ́kọ́ ni yíyan ibi. Ìhà ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ ìjì òjò ti ń wá sí apá ibí yìí, atẹ́gùn ọyẹ́ náà sì ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́. Nítorí náà, orí ilé tí kò fẹ̀ ni kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ilẹ̀kùn wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yìn ògiri ilé, tàbí ẹ̀yìn ọgbà igi oró bí irú èyí tí ó yí ọ̀pọ̀ oko ká ní Plateau, jẹ́ ibi ààbò. Kí ó má jẹ́ ojú ọ̀gbàrá.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò na okùn mọ́ èèkàn mẹ́rin. Kí igun kọ̀ọ̀kan lè gún, wọn yóò wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan àti ẹsẹ̀ bàtà 4 lórí èkejì. Bí àárín àmì méjèèjì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 géérégé, igun náà gún. Gbogbo bíríkìlà ni ó mọ ọgbọ́n yìí.

Ní igun kọ̀ọ̀kan, wọn yóò gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, tí ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Wọn yóò tẹ ìdí irin kan, wọn yóò gbé e sínú ihò, wọn yóò sì da kọnkéré tí ó ní ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn mẹ́ta àti òkúta mẹ́fà lé e. Kọnkéré inú ihò kọ̀ọ̀kan yóò wúwo tó kílò 100. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ kílò 400, ìyẹn ju ìlọ́po méjì agbára ìjì tí a ṣírò lókè lọ. Kí orí kọnkéré náà yọ sókè ilẹ̀ ní íǹṣì 4, kí wọ́n sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé pákó lé e.

Búlọ́ọ̀kù méjì yóò wà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan yóò wà láàrin orí, ọ̀kan láàrin ìdí. Wọn yóò rì wọ́n díẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi bá orí kọnkéré dọ́gba. Rọ́bà tóóró tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n rọ omi sí, ni yóò ṣèdájọ́: ibi tí omi bá dúró sí ní ìpẹ̀kun kan ni yóò dúró sí ní èkejì, bí ó ti wù kí ilẹ̀ rí.

Ìgbà náà ni wọn yóò to pákó, tí wọn yóò sì kàn wọ́n pọ̀. Kí wọ́n tó kan àgbékọ́ igun, kí wọ́n wọn ilé náà láti igun kan sí igun tí ó kọjú sí i, lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́, kí wọ́n fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tọ́. Ẹni tí ó bá fojú fo ìgbésẹ̀ yìí yóò rí àbájáde rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá kọ̀ láti pa dé.

Irin mẹ́fà tó kù ni wọn yóò gbá sínú ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan, kí àyè ẹsẹ̀ bàtà 3 wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Inú pákó ni kí wọ́n wà. Wọn yóò ki páìpù bọ̀ wọ́n lórí, wọn yóò sì fi wáyà di irin, páìpù àti pákó pọ̀. Wáyà yìí ni ó ń sọ nǹkan mẹ́ta di ẹyọ kan. Láìsí i, ìjì lè fa páìpù yọ kúrò lórí irin bí ẹni yọ ìbọ̀wọ́.

Bí ògiri kò bá lanu

Àyè íǹṣì 4 tí ó wà lábẹ́ pákó ni ó ń gba igi lọ́wọ́ ikán, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún àfòpiná àti eku. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí wọ́n má fi erùpẹ̀ dí àyè náà, nítorí erùpẹ̀ ni afárá tí ikán yóò gùn. Àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà kan lọ ni kí wọ́n kàn mọ́ ìsàlẹ̀ pákó láti ìta, kí wọ́n sì ri etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní íǹṣì 6 yípo.

Nínú ilé náà, àpò tí wọ́n rọ erùpẹ̀ sí dára ju kí wọ́n gbìn tààrà sínú ilẹ̀ lọ, nítorí àrùn tí ó ń mú tòmátì rọ lójijì a máa gbé inú ilẹ̀. Àpò mẹ́jọ ní ọ̀wọ́ méjì, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀, yóò gba ibẹ̀, ọ̀nà ìrìn yóò sì wà láàrin. Kí àpò jìnnà sí pákó ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí omi wọn má baà máa rin igi.

Ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Ikán kì í rìn nínú oòrùn. Bí ó bá fẹ́ dé ara igi, yóò mọ ọ̀nà amọ̀ tóóró gba ara búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré gòkè. Níwọ̀n bí ìpìlẹ̀ náà ti ga díẹ̀, ojú yóò rí ọ̀nà náà. Kí onílé yí i ká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó fi igi há amọ̀ náà dànù, kí ó sì gbá ewé tó bá kó jọ sí ìdí pákó kúrò. Lẹ́yìn ìkórè, kí ó kó gbogbo igi tòmátì àtijọ́ jáde, nítorí ìdin àfòpiná lè wọ inú erùpẹ̀ lọ para dà. Kí oṣù kẹta tó dé, kí ó fún gbogbo wáyà le.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè dín in kù lára pákó. Ó lè lo dóńgóyárò dípò ìrókò, kí ó sì mọ̀ pé òun lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ó lè lo òkúta dípò búlọ́ọ̀kù. Ohun mẹ́ta ni kò yẹ kí ó dín kù: kọnkéré igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wáyà tí ó so ilé mọ́ irin, àti àyè tí ó wà láàrin igi àti ilẹ̀. Apá kékeré ni wọ́n jẹ́ nínú gbogbo ìnáwó náà, àwọn ni ìjì yóò sì kọ́kọ́ bi léèrè.